Ẹ má tíì ra písítìn: ẹ̀rọ BP tó ti ya lè sọ ohun tó ń jó jet ski yín

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìnáwó o. Ẹ ní SuperJet yín, jet ski Yamaha tòkunbọ̀ oní-cc 701, ti jó písítìn ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kejì báyìí, pé mẹkáníìkì ti ní kí ẹ lọ wá owó ẹlẹ́ẹ̀kẹta, àti pé irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wá ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọ inú ẹ́ńjìnnì ti wọ́n jù láti rà wá láti Amẹ́ríkà. Ẹ má tíì ra písítìn kankan. Ẹ má ra irinṣẹ́ yẹn náà. Ẹ lọ bá nọ́ọ̀sì kan ládùúgbò, kí ẹ bi í bóyá ó ní ẹ̀rọ BP àtijọ́, èyí tí wọ́n máa ń fọwọ́ tẹ bọ́ọ̀lù rọ́bà rẹ̀, tí aṣọ tí wọ́n ń wé mọ́ apá ti ya. Ohun tí mo ń lò létí omi níbí l'Ékòó nìyẹn. Owó rẹ̀ kò tó epo tí ẹ máa jó lọ sí Tarkwa Bay.

Ìdí tí mo fi ń fura sí atẹ́gùn nìyí. Two-stroke ni ẹ́ńjìnnì yín, bíi jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a máa ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀. Nínú irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, ilé kíránkì, ìyẹn àpótí irin nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì tí ọ̀pá kíránkì ń yí nínú rẹ̀, ni epo àti atẹ́gùn máa kọ́kọ́ wọ̀ kí wọ́n tó dé orí písítìn. Bí písítìn bá ń gòkè, ilé kíránkì a fà wọ́n wọlé. Bó bá ń sọ̀ kalẹ̀, a tì wọ́n lọ sókè. Kàbúrétọ̀ ló ń díwọ̀n iye epo tó yẹ kí atẹ́gùn náà gbé dání. Tí ọ́ìlì síìlì, ìyẹn rọ́bà tó ń dí ẹnu kíránkì kí atẹ́gùn má baà gba ibẹ̀, bá wá gbẹ tàbí tó sán, atẹ́gùn tí kò fojú kan kàbúrétọ̀ á máa yọ́ wọlé. Epo á kéré sí atẹ́gùn, ọ́ìlì tó wà nínú epo náà á kéré, ooru á pọ̀ ju bó ṣe yẹ, písítìn á wú, á há mọ́ sílíńdà, tàbí kí orí rẹ̀ yọ́. Tuntun tí ẹ bá gbé sí i, ìyà kan náà ló máa jẹ.

Pé ti ẹ̀yìn ló jó nígbà méjèèjì tún jẹ́ kí n fura sí i. Síìlì wà lẹ́nu méjèèjì kíránkì yín. Ti iwájú wà lẹ́yìn fíláwíìlì; ti ẹ̀yìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́pìlìn tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ ọ̀pá ìmpẹ́là tó ń ti ọkọ̀ lọ. Omi iyọ̀ tó bá dúró nísàlẹ̀ ọkọ̀, kọ́pìlìn yẹn ló máa ń fọ́n ọn ká bó ṣe ń yí, ara síìlì ẹ̀yìn ló sì máa ń dà á sí. Tòkunbọ̀ tún ni: ẹni tó tà á lókè òkun lè ti gbé e sílẹ̀ lẹ́yìn ilé fún ọdún púpọ̀, kí ètè rọ́bà síìlì ti gbẹ kó tó wọ kọ̀ǹténà rárá. Ṣùgbọ́n ìfura lásán ni gbogbo èyí ṣì jẹ́. Síìlì Yamaha yẹn kì í ṣe èyí tí a lè fi ṣúkúdíráfà yọ láti ìta. A ní láti la ilé kíránkì sí méjì. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń gbà kí ẹnikẹ́ni tú u láìkọ́kọ́ dán an wò.

Ó yá, irinṣẹ́. Gééjì BP máa ń kà dé 300 mmHg. 260 níbẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi psi 5, iye tí a nílò gan-an nìyẹn. Ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀ dànù, ẹ máa rí họ́ọ̀sì méjì: ọ̀kan láti ara bọ́ọ̀lù, ọ̀kan láti ara gééjì. Inú rọ́bà tó wà nínú aṣọ yẹn ni wọ́n ti ń pàdé tẹ́lẹ̀, torí náà ẹ wá ibòmíràn tí wọ́n á ti pàdé. T kékeré oníke tí wọ́n máa ń lò fún họ́ọ̀sì omi wáìpà ọkọ̀ ni mo máa ń rà ní ọjà Ládípọ̀. Bọ́ọ̀lù lẹ́nu kan, gééjì lẹ́nu kejì, ẹnu kẹta á gba họ́ọ̀sì epo tó gùn tó apá yín, òun ló máa lọ bá ẹ́ńjìnnì. Ẹ fi wáyà tín-ín-rín lọ́ gbogbo oríkèé rẹ̀ pa. Bí BP yín bá jẹ́ èyí tí gééjì rẹ̀ lẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀lù, ẹ ò nílò T rárá.

Irinṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ dán wò. Ẹ ki bóòtù bọ ẹnu kẹta, ẹ tẹ̀ ẹ́ dé 260, ẹ lọ ra omi mu, kí ẹ padà wá wo abẹ́rẹ́. Tó bá ti sọ̀ kalẹ̀, ẹ ri T àti ẹnu bọ́ọ̀lù sínú omi (ẹ má ri gééjì o) kí ẹ wo ibi tó ti ń hó. Ìdè kékeré tí wọ́n fi ń tú atẹ́gùn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀lù ló sábà máa ń jẹ̀bi, pàápàá tí BP náà bá ti pẹ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì.

Dídí ihò ẹ́ńjìnnì ni iṣẹ́ wà, bọ́ọ̀lù àti gééjì kò ju eré lọ. Ẹ tú kàbúrétọ̀. Ẹ gba rọ́bà tíúbù ọkọ̀ lọ́wọ́ fọkanáísà, ẹ gé e sí bátánì ìdí kàbúrétọ̀, kí ẹ gé páànù agolo mílíìkì sí irú bátánì kan náà, ẹ lu ihò bóòtù sí wọn. Rọ́bà á kọjú sí ẹ́ńjìnnì, páànù á tẹ̀lé e, kí ẹ wá dá kàbúrétọ̀ padà, kí ẹ fi bóòtù rẹ̀ gan-an dè é. Ó ti dí nìyẹn, láìsí pé ẹ lọ ṣe irin kankan lọ́dọ̀ wẹ́dà. Tí tiyín bá jẹ́ oníkàbúrétọ̀ méjì, ẹ ṣe méjèèjì bẹ́ẹ̀.

Ti èéfín le jù ìyẹn. Ẹ yọ páìpù èéfín, ẹ fi mánífólù, irin tí èéfín ń kọ́kọ́ gbà jáde lára sílíńdà, sílẹ̀, ẹnu rẹ̀ ni ẹ máa dí. Irin pẹlẹbẹ tó nípọn tó mílímítà 5 ni kí wẹ́dà gé fún yín, pẹ̀lú rọ́bà tíúbù lábẹ́ rẹ̀. Mo ti rí ẹni tó fi plywood ṣe tiẹ̀. Atẹ́gùn ń gba àárín pákó jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ọkùnrin náà sì ń da omi ọṣẹ sí gbogbo ara ẹ́ńjìnnì, ó ń wá ohun tí kò sọnù. Tí ihò bóòtù kò bá bá a mu, ẹ ra bọ́ọ̀ṣì rọ́bà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ẹnu ihò náà, bóòtù gígùn kan àti wáṣà ńlá méjì. Bí ẹ bá ti ń dè é, wáṣà méjèèjì á máa fún rọ́bà ní àárín, rọ́bà á fẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, á sì há mọ́ ihò. Ẹ fi gírísì pa ara bóòtù náà, torí atẹ́gùn lè gba inú bọ́ọ̀ṣì jáde.

Púlọ́ọ̀gì á wà níbi tó wà, kí ẹ dè é dáadáa. Ibi tí họ́ọ̀sì irinṣẹ́ máa wọ̀ ni ẹnu kékeré tó wà lára ilé kíránkì, èyí tí họ́ọ̀sì ibẹ̀ máa ń lọ bá kàbúrétọ̀ láti mú kí pọ́ǹpù epo máa mí. Ó lọ tààrà sínú ilé kíránkì, kò sí ibi tó dára jù ú. Tó bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ dí èyí tó kù. Ẹ tú wáyà bátìrì, kí ẹnikẹ́ni má sì mu sìgá nítòsí.

Ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ dé 260. Ẹ má kọjá 300, gééjì á bàjẹ́. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà kó lè yá: agbára kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ lè ti síìlì tó dáa kúrò ní àyè rẹ̀, ẹ ó wá ní ìṣòro tí ẹ ò ní tẹ́lẹ̀. Abẹ́ ibòòji ni kí ẹ ti ṣe é. Mo ti rí abẹ́rẹ́ tó ń gòkè fúnra rẹ̀ nínú oòrùn ọ̀sán, torí irin ń gbóná, atẹ́gùn inú rẹ̀ sì ń wú; ẹ́ńjìnnì tó ń jò díẹ̀ lè fi ìyẹn bo àṣírí ara rẹ̀.

Tí abẹ́rẹ́ bá sọ̀ ju 50 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, ó ń jò. Èyí tó dáa gan-an máa ń dúró fún ìṣẹ́jú púpọ̀, ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i kó mira. Ẹ yí kíránkì díẹ̀ kí ẹ tún un dán wò, torí síìlì lè mú níhìn-ín kó má mú lọ́hùn-ún.

Tó bá ń jò, ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ nínú omi ti tó. Ara ohun tí ẹ fi dí ihò ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ìdí púlọ́ọ̀gì, gásíkẹ́tì abẹ́ sílíńdà, ojú ibi tí ilé kíránkì ti pàdé, gásíkẹ́tì ìdí mánífólù tí kàbúrétọ̀ jókòó lé. Síìlì ni kí ẹ fi parí. Fún ti ẹ̀yìn kọ́pìlìn, síríńjì ńlá láìsí abẹ́rẹ́ ni mo fi ń ta omi ọṣẹ síbẹ̀ (àpótí irinṣẹ́ mi ti dà bíi ti kẹ́míìsì, àwọn oníbàárà máa ń fi mí rẹ́rìn-ín). Ti iwájú, ẹ gbọ́dọ̀ yọ ìdérí fíláwíìlì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ò ní rí nǹkan kan. Níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà etí ló máa gbọ́ kí ojú tó rí: ẹ ki ẹnu họ́ọ̀sì kan sétí, kí ẹ máa fi ẹnu kejì wá a kiri. Ẹ tún ri họ́ọ̀sì omi ìtutù sínú abọ́ omi. Tó bá ń hó níbẹ̀, orí sílíńdà ló ń jò, kì í ṣe síìlì.

Ẹ má fò lọ bá síìlì tààrà torí pé òun la ń fura sí. Ọkọ̀ kan wá sọ́dọ̀ mi tí wọ́n ti pààrọ̀ síìlì rẹ̀ níbòmíràn, síìlì gidi, kò sì yéé jó písítìn. Nígbà tí mo tẹ BP sí i, síìlì méjèèjì gbẹ fáú. Abẹ́ ilé kíránkì gan-an, níbi tí ojú kò lè dé láìfi dígí wò ó, ni ọṣẹ ti ń hó. Ẹni tó la ilé kíránkì náà fi sílíkóònù tí wọ́n ń lò fún fèrèsé àti balùwẹ̀ lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Bẹntiróòlù kì í gba irú rẹ̀ láyè, ó máa ń sọ ọ́ di jẹ́lì. Ẹni tó ni ín jókòó sórí páálí, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá la tiyín, ẹ bi í irú gọ́ọ̀mù tó fẹ́ lò, kí ẹ sì ní kó tẹ BP sí i kó tó gbé ẹ́ńjìnnì padà sínú ọkọ̀. Ayédèrú síìlì pọ̀ lọ́jà; ibẹ̀ náà lẹ máa ti mọ̀ ọ́n.

Ibi tí irinṣẹ́ yìí mọ nìyí. Ó ń tì, kò lè fà. Ètè síìlì mìíràn wà tó máa ń di atẹ́gùn tó ń jáde mú, àmọ́ tó máa ń gba èyí tó ń wọlé láyè, BP kò sì lè rí ìyẹn. Pọ́ǹpù tí wọ́n fi ń fa atẹ́gùn búrékì jáde ló máa rí i. Ẹ yá a lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe búrékì tí ọ̀rọ̀ bá dé bẹ̀. Ẹ má sì fi gééjì BP dán agbára abẹ́rẹ́ kàbúrétọ̀ wò, ìyẹn ga ju ohun tó lè kà lọ. Ṣùgbọ́n gbogbo two-stroke ló bá lọ. Mo fi ń bá àwọn agégẹdú dán ẹ́ńjìnnì ayùn wọn wò, owó díẹ̀ sì ń ti ibẹ̀ wọlé.

Tí tiyín bá dúró digbí lórí 260, ẹ fi síìlì sílẹ̀. Ẹ tú kàbúrétọ̀, ẹ wo asẹ́ kékeré tó wà nínú rẹ̀ (Mikuni ni orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é), ẹ pààrọ̀ họ́ọ̀sì epo tó ti le, kí ẹ sì wò ó bóyá iyanrìn tàbí ọ̀rá ti dí ọ̀nà omi ìtutù. Ẹ ṣì ní písítìn tó jó lọ́wọ́, àbí? Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ibi tí èéfín ń gbà jáde nìkan ló ha, ọ̀rọ̀ epo àti atẹ́gùn la ṣì wà. Tó bá ha ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ bi ẹni tó ń gùn ún bó ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná. Bí ẹ bá ti tẹ BP sí i, ẹ kọ iye tí gééjì kà lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan àti lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún ránṣẹ́, pẹ̀lú fọ́tò písítìn náà, kí n lè sọ ibi tí ẹ máa ṣí.