Kí ẹ tó fi ọ́ìlì kun ara ajá tí ń lá ẹsẹ̀ rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè láti Òkè-Fìà pé kí ni kí ẹ ṣe sí ajá yín, ọmọ ọdún méjì, tí ó ń lá ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ títí irun ibẹ̀ fi tán, tí aládùúgbò kan sì ti ní kí ẹ fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnì kùn ún, ẹ kú ìnira rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ọ́ìlì náà sílẹ̀ ná. Èmi ti dán an wò, ohun tí mo sì rí nídìí rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Òkè-Baálẹ̀ níhìn-ín ní Òṣogbo ni mo ń gbé, mo sì ń ta aṣọ ní ọjà Ìgbọ̀nà. Tanímọ̀la ni orúkọ ajá mi. Ajá ìbílẹ̀ ni, gbogbo ara rẹ̀ pupa àyàfi ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì tí ó funfun. Ẹsẹ̀ funfun yìí ni ó kọ́kọ́ tú àṣírí, nítorí pé itọ́ ajá a máa sọ irun funfun di pupa rúsúrúsú bí ó bá ń wà lórí rẹ̀ lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ náà ṣe dà bí èyí tí wọ́n fi osùn kùn. Mo rò pé erùpẹ̀ ni, mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kò kúrò. Ní òru ọjọ́ kan tí wọ́n mú iná lọ, tí fáànù sì dákẹ́, ni mo tó gbọ́ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi, ahọ́n tí ń lọ tí ń bọ̀ tí kò sinmi. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Lókè ọrùn ẹsẹ̀ òsì, irun ti bọ́, awọ ibẹ̀ ti ga sókè roboto, ó le, ó ń dán fún itọ́, ó sì tó ìdérí ìgò mínírà.

Ìwàkiwà ni mo pè é. Mo kọ́kọ́ ń pariwo mọ́ ọn. Nígbà tí ariwo kò ràn án, mo gún ewúro, mo fi omi rẹ̀ kùn ún. Ewúro tí èmi fúnra mi máa ń fọ̀ dáadáa kí n tó sè é, Tanímọ̀la fún ojú pọ̀ díẹ̀, ó lá a tán, ó sì yí sí ẹsẹ̀ ọ̀tún. Lẹ́yìn èyí ni mẹkáníìkì kan ní àdúgbò wa bu ọ́ìlì tí wọ́n ti lò fún mi sínú agolo, tí ó ní òun ni wọ́n fi ń wo awọ ajá láti ọjọ́ pípẹ́. Mo fi kùn ún ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ó ti lá gbogbo rẹ̀, ó ti bì sí ẹnu ọ̀nà, kò sì jẹun fún ọjọ́ méjì. Ojú egbò náà bó, ó wá fẹ̀ sí i. Ohun tí mo gbàgbé, tí ọmọdé pàápàá ì bá ti rán mi létí, ni pé ohunkóhun tí a bá fi pa ibi tí ajá ń lá, inú ajá ni ó ń lọ. Májèlé sì ni ọ́ìlì náà, lára awọ àti nínú ikùn.

Dókítà ẹranko tí mo wá gbé e lọ bá kò tilẹ̀ kọ́kọ́ wo egbò náà. Ó bi mí léèrè ibi tí ajá náà ń lá, ìgbà wo ni ó máa ń lá a, ta ni ó máa ń wà nílé nígbà náà, kí ni ó ń jẹ. Ìtìjú mú mi, nítorí pé yàtọ̀ sí ibi tí ó ń lá, n kò lè dáhùn ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni ó mú ìyarun eléyín wẹ́wẹ́, ó fi ya irun ìdí ìrù rẹ̀, ó gbọn ohun tí ó bọ́ sórí bébà tíṣù funfun tí ó ti fi omi rin. Èròjà dúdú wínníwínní ni, ó jọ ata dúdú lílọ̀. Ṣùgbọ́n bí omi ṣe ń wọ̀ ọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde ní pupa, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ni: ìgbẹ́ kòkòrò kékeré tí ń fò sókè, tí òyìnbó ń pè ní flea, tí ó ń mu ẹ̀jẹ̀ lára ajá. Ẹ ṣe irú àyẹ̀wò yìí nílé ní alẹ́ òní, nítorí pé kò gbà ju ìyarun àti bébà funfun tí a fi omi rin lọ.

Àlàyé tí ó ṣe fún mi ni pé ara àwọn ajá kan kọ itọ́ kòkòrò yìí, tó bẹ́ẹ̀ tí ìjẹ díẹ̀ fi lè kó ìyún bá gbogbo ara wọn. Ìyún ni ó bí lílá, lílá ni ó dá egbò sílẹ̀, kòkòrò àìfojúrí wọ inú egbò, egbò náà tún wá ń yún ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ibi tí mo ti sọ fún un pé ṣebí ahọ́n ajá a máa wo egbò sàn ni ó ti rẹ́rìn-ín. Ahọ́n a máa gbọn ìdọ̀tí kúrò ní ojú egbò, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ahọ́n tí kò sinmi kì í jẹ́ kí egbò gbẹ.

Oògùn tí a ń kán sí ẹ̀yìn ọrùn ni ó fún mi fún kòkòrò náà, ó sì wọn ìwúwo Tanímọ̀la kí ó tó mọ èyí tí yóò fún mi. Ṣùgbọ́n ilé ni iṣẹ́ ńlá wà. Ẹyin kòkòrò wọ̀nyí kì í dúró lára ajá. Wọn a máa bọ́ sínú ẹní, sínú kàpẹ́ẹ̀tì àti ibi tí ilẹ̀ ti sán, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pa di ọmọ kòkòrò, ẹni tí ó bá sì tọ́jú ajá láì tọ́jú ibi tí ajá ń sùn yóò tún rí wọn láìpẹ́. Mo sun àpò tí ó ń sùn lé, mo fi omi gbígbóná fọ aṣọ, mo sì ń gbá gbogbo kọ̀rọ̀ ilé fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Fún egbò, antibáyótíìkì ni, pẹ̀lú ike tí a ká bí àrọ tí a fi ń rọ epo, tí a so mọ́ ọn lọ́rùn kí ẹnu rẹ̀ má baà dé ẹsẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ kò dára. Ó ń fi ike náà gbá ilẹ̀kùn, ó da omi àmù mi nù, àánú rẹ̀ sì ń ṣe mí. Ní ọjọ́ kẹrin, ó ti mọ bí a ṣe ń gba ẹnu ọ̀nà kọjá. Ike kì í wo àrùn sàn, àyè ni ó ń fún egbò. Àṣìṣe tí ó ná mi lówó jù lọ wá ṣẹlẹ̀ níbí: nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ kejì, ojú egbò ti gbẹ, mo sì dá oògùn dúró kí n má baà ra òmíràn. Kò pé ogúnjọ́ tí ó fi tún yọ, tòun ti ọyún. Irú egbò yìí a máa jinlẹ̀ lábẹ́ awọ, ó sì sábà máa ń gba oògùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kódà nígbà tí òkè rẹ̀ bá ti dà bí èyí tí ó sàn. Mo tún fẹ́ fún un ní oògùn ara ríro tí èmi ń lò. Dókítà ní kí n má ṣe dán an wò láéláé, nítorí pé ibuprofen a máa ba inú àti kíndìnrín ajá jẹ́, parasitamọ́ọ̀lù náà sì lè pa ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lára.

Mo rò pé ó ti parí. Nígbà tí ọyẹ́ dé, ó tún bẹ̀rẹ̀. Mo ya irun, kò sí ohun dúdú kankan. Dókítà wo awọ, ó wo oríkèé, kò rí nǹkan. Ọmọ ayálégbé wa kan ni ó tú ọ̀rọ̀ náà. Ó ní, "Mọ́mì, bí ẹ bá ti ti géètì lọ sí ọjà ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀, bí ẹ bá sì dé, á dáwọ́ dúró." Aago méje àárọ̀ ni mo ń jáde, mo ń dé ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, nínú ìgbà yìí okùn mítà méjì ni ayé rẹ̀. Ìdáwà àti àìríṣe ni. Mo tú okùn, mo ń mú un rìn fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí n tó lọ sí ọjà, mo sì dá ihò sí ara ìgò ike, mo ń kó oúnjẹ gbígbẹ rẹ̀ sínú rẹ̀ kí ó lè máa yí i gbiri fún wákàtí kan kí ó tó jẹ ẹ́ tán. Mo ṣíwọ́ ariwo pátápátá, nítorí pé ajá tí ó dá wà kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìbáwí àti ìkíni. Bí mo bá ti pe orúkọ rẹ̀ nígbà tí ó ń lá, èrè ni mo fún un. Ó gbà tó oṣù méjì.

Ajá tiyín lè máà jọ tèmi. Bí ó bá jẹ́ pé gbogbo ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó ń lá, tí etí rẹ̀ sì ń rùn, ó lè jẹ́ oúnjẹ ni ara rẹ̀ kọ̀, ẹran màlúù, wàrà tàbí adìyẹ ni ó sì wọ́pọ̀ jù. Irú èyí máa ń gba oúnjẹ ọ̀tọ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ láìsí àfikún kankan, kí àwọn ọmọ má sì ju eegun sí i. Ajá àgbà tí ń lá oríkèé kan ṣoṣo lè ní làkúrègbé. Èyí tí ń lá ìdí rẹ̀, tí ó ń wọ́ ọ nílẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ ọ̀rọ̀ àpò kékeré méjì tí ó wà lẹ́bàá ihò ìdí. Èyí tí ó sì ń lá ògiri, ilẹ̀ tàbí afẹ́fẹ́, inú rẹ̀ ni kí dókítà yẹ̀ wò. Bí egbò bá ń rùn, tí ó bá ń tiro, tàbí tí kò jẹun, ẹ má dúró de ọjọ́ kejì.

Bí kò bá sí irú àmì wọ̀nyí, ẹ kọ ìgbà tí ó ń lá a sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta kí ẹ tó gbé e lọ bá dókítà, kí ìtìjú tí ó mú mi má baà mú yín. Ní ti Tanímọ̀la, irun kò padà hù dáadáa níbi àpá náà. Ó ṣì máa ń lá a lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta kí ó tó gbé orí lélẹ̀ láti sùn, n kì í sì í bá a wí.