Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ò lè gbé ọmọ láti Àkúrẹ́ dé Houston o

Rárá o àǹtí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ gbà níbi iṣẹ́ yẹn ò lè tó. Ẹ ní ẹ̀yin àti bàbá ilé ti rí ilé ọmọ aláìlóbìí kan l'Àkúrẹ́, ẹ fẹ́ balẹ̀ síbẹ̀ lóṣù Kejìlá, kẹ́ ẹ gba ìwé ní kọ́ọ̀tù, kẹ́ ẹ sì gbé ọmọ padà sí Houston kí ìsinmi tó tán. Èmi àti ọkọ mi ti rin ọ̀nà yẹn já. Maryland là ń gbé, ọmọ Àkúrẹ́ ni ọkọ mi, ọmọ Ondo lèmi, ọmọbìnrin tá a lọ mú nílé ló ń da gbogbo orí tábìlì rú bí mo ṣe ń tẹ èyí, torí náà kì í ṣe ohun tí mo kà níbì kan ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú ni pé wọ́n rò pé tí adájọ́ bá ti fọwọ́ síwèé l'Àkúrẹ́, ó parí nìyẹn, ó ku ká wọ bàálù. Ìwé kọ́ọ̀tù kì í ṣe físà jàre. Nàìjíríà ni ìwé yẹn ń bá sọ̀rọ̀ pé ọmọ yín ni, Amẹ́ríkà ní ìbéèrè tiwọn lọ́tọ̀, wọn ò sì ní torí pé adájọ́ ti dáhùn kí wọ́n má bi yín. Nàìjíríà ò sí nínú àdéhùn Hague ti 1993 tó wà fún gbígba ọmọ láti ìlú kan sí ìlú kejì, nítorí ẹ̀, ọ̀nà 'orphan' (ọmọ aláìlóbìí) ni wọ́n máa mú yín gbà, ìyẹn fọ́ọ̀mù I-600A àti I-600. I-600A lẹ máa kọ́kọ́ fi sílẹ̀ ní USCIS, ìyẹn ọ́fíìsì imigréṣọ̀n Amẹ́ríkà, ọmọ ò sì ní láti wà nínú ẹ̀ rárá, ẹ̀yin ni wọ́n ń yẹ̀ wò bóyá ẹ tó ẹni tí wọ́n ń fa ọmọ lé lọ́wọ́. Ẹ ò lè ṣe é láìsí home study. Sósíà wọ́kà máa wá bá yín nílé ní Houston níbẹ̀, á wo yàrá, á wo owó tó ń wọlé, á ní kẹ́ ẹ mú ìwé ọlọ́pàá wá, á bi bàbá ilé láwọn nǹkan tí ẹ̀yin gan-an ò tíì bi í rí. Láti oṣù Keje 2014 ni wọ́n sì ti ní ẹ́jẹ́ńsì tó ní ìwé àṣẹ nìkan ló gbọ́dọ̀ máa bójú tó o, kódà fún ìlú tí ò sí nínú Hague. Tí ẹnì kan bá wá sọ fún yín lórí Wáṣáàpù pé òun ní ọ̀nà tó yá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ bi í pé kí ni nọ́ńbà àṣẹ ẹ̀, ẹ máa rí i bó ṣe máa dákẹ́.

Ẹ ò tún sọ bóyá ẹ̀yin tàbí bàbá ilé ti di sítísìn. Ó ṣe pàtàkì gan-an o. Green card ò ṣeé fi béèrè I-600A, ọ̀kan nínú yín gbọ́dọ̀ jẹ́ sítísìn. Ẹni tó bá jẹ́ green card lòun àti ọkọ ẹ̀ ní, ọ̀nà tiwọn yàtọ̀, ó gba pé kí ọmọ ti wà lábẹ́ àṣẹ wọn kí wọ́n sì ti bá a gbé fún ọdún méjì kí wọ́n tó lè béèrè fún un, mo sì mọ tọkọtaya tó jẹ́ pé ẹ̀yìn tí wọ́n ti gba ìwé kọ́ọ̀tù tán ni wọ́n tó gbọ́ èyí, ọmọ ń bẹ lọ́dọ̀ ìyá àgbà títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀.

Ti ilé wá ńkọ́. Child Rights Act, ìyẹn òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003, ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ ti gbọ́dọ̀ fi tó àwọn wẹ́fíà, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọmọ, létí ní oṣù 12 ṣáájú pé ẹ fẹ́ gba ọmọ, ọmọ náà sì gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́ yín fún oṣù mẹ́ta gbáko láìdá dúró kí kọ́ọ̀tù tó fọwọ́ sí i. Oṣù mẹ́ta o, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìpínlẹ̀ Ondo ṣe òfin tiwọn ní 2007, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì mọ bó ṣe ń ṣe tiẹ̀, nítorí náà ẹ má fi ohun tí wọ́n ṣe fún ẹnì kan l'Ékòó ṣe òdiwọ̀n, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ obìnrin l'Alágbàká, l'Àkúrẹ́, lẹ máa lọ, ẹ̀yin fúnra yín, kì í ṣe àbúrò tó máa ní òun ti dé ibẹ̀ tó sì jẹ́ pé Ọjà Ọba ló yà sí.

Òfin yẹn tún mẹ́nu ba ibi tí ẹni tó fẹ́ gba ọmọ ń gbé, pé kó jẹ́ ará ìpínlẹ̀ yẹn. Níbẹ̀ làwọn kan ti máa ń gbà yín nímọ̀ràn pé kẹ́ ẹ kọ ọ́ síwèé pé Ìjàpọ̀ lẹ̀ ń gbé, pé ẹ̀ ń ṣòwò l'Àkúrẹ́. Lọ́yà kan tá a kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ fún wa, ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé kẹ́ ẹ fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ ni, ọkọ mi ní ẹ jẹ́ ká máa lọ. Ìdí ni pé fáìlì kan náà tí ẹ fi parọ́ fún adájọ́ ni kọ́ńsúlétì máa gbé kalẹ̀ níwájú home study tó sọ pé Houston lẹ wà láti ọjọ́ pípẹ́. Ewo ni wọ́n máa gbà gbọ́? Méjèèjì ni wọ́n máa jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ sọ òótọ́ fún àwọn wẹ́fíà látìbẹ̀rẹ̀ pé òkè òkun lẹ wà, kí wọ́n sọ fún yín ohun tí òfin ibẹ̀ gbà àti èyí tí ò gbà, tí ò bá sì gbà á, ó sàn kẹ́ ẹ mọ̀ kí ọmọ tó mọ ojú yín.

Ẹ tún kọ ọ́ pé tí ti ilé ọmọ ò bá ṣeé ṣe, ẹ̀gbọ́n yín l'Ondo ní kẹ́ ẹ kúkú mú àbígbẹ̀yìn òun. Ẹ̀gbọ́n yín ò sọ ohun burúkú kankan, bí wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa nìyẹn, ta ni ò gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá ẹ̀ rí nínú wa? Èmi gan-an, ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá mi ni mo ti ka ìwé mẹ́wàá. Àmọ́ lójú òfin Amẹ́ríkà, ọmọ tí ìyá ẹ̀ wà tí bàbá ẹ̀ wà, tí wọ́n jọ ń gbé, kì í ṣe 'orphan', ì báà jẹ́ pé iwájú Òṣemàwé, ọba Ondo, ni wọ́n ti fọwọ́ sí i pé àwọn yọ̀ǹda ẹ̀. Tí òbí bá fa ọmọ kalẹ̀ fún ẹnì kan pàtó, wọn ò kà á sí pé ó pa ọmọ tì. Ká ní bàbá ti kú ni, tí ìyá ò lágbára láti tọ́ ọ, tó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun yọ̀ǹda ẹ̀ pátápátá láìní gbà á padà, ìyẹn lè kọjá. Ẹ ṣàlàyé fún ẹ̀gbọ́n yín dáadáa o, kó má di pé 'wọ́n kọ ọmọ mi'. Irú ọ̀rọ̀ yẹn máa ń pẹ́ nínú ilé.

Ní ti owó, ẹ lè fún ilé ọmọ ní ìrẹsì, mílíìkì, pámpà, kò sẹ́ni tó máa bá yín wí. Ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni bá dá iye kan lé ọmọ lórí, ọmọkùnrin báyìí, ọmọbìnrin báyìí, ẹ dìde níbẹ̀. Wọ́n ń ta ọmọ ni, ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ló wà fún ẹni tó tà àti ẹni tó rà nínú òfin 2003 yẹn, ìyá ọmọ sì lè wà níbì kan tó ń sunkún.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo tìtorí ẹ̀ jókòó kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀kan nínú yín máa dúró l'Àkúrẹ́. Tẹ́ ẹ bá ti gba èyí lọ́kàn báyìí, gbogbo ìyókù á rọrùn. Ọkọ mi wá, ó rí ọmọ, ó dé iwájú àwọn tó yẹ, ó padà síbi iṣẹ́ torí ta ló máa san owó ilé? Èmi dúró lọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi l'Ókè-Àró. Àwọn èèyàn máa ń kà á sí ìyà, pé ẹ wò ó, ó ń jẹ dúkùú, ó ń gbé ibi tí iná ò sí, a wá ń ka ọjọ́ bí ẹlẹ́wọ̀n. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀ o. Ọmọ tó ti ilé ọmọ wá, tó ti lé lọ́dún méjì, kì í ṣe àpótí tí wọ́n ń gbà ní pápákọ̀ òfurufú. Ọmọ yìí ṣubú lójú mi lọ́jọ́ kan ní ẹ̀yìnkùlé, orúnkún ẹ̀ bó, kò sunkún. Ó dìde, ó gbọn ìdí ẹ̀, ó ń lọ. Ìyá ọkọ mi ló sọ fún mi pé ọmọ tí wọn kì í dá lóhùn tó bá ké, kò ní ké mọ́. Ó tún máa ń tọ́jú oúnjẹ, àkàrà lábẹ́ ìrọ̀rí, búrẹ́dì nínú bàtà mi, àwọn èèrà bo ilé. A ò bá a wí. Ìyá ọkọ mi kàn fi abọ́ bísíkíìtì sílẹ̀ síbi tí ọwọ́ ẹ̀ ti lè tó o tọ̀sán tòru, nígbà tó yá ó fi bàtà mi sílẹ̀. Ọjọ́ tó ṣubú tó wá ké lóhùn rara tó ń sáré bọ̀ lọ́dọ̀ mi, mo pe ọkọ mi lórí fóònù láàárín òru wọn, ó rò pé wọ́n ti fún wa ní físà ni.

Ẹ wo inú ara yín, tẹ́ ẹ bá gbé e láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, kí ló máa ṣẹlẹ̀? Ẹni tí ò mọ̀ yín rí, ẹ gbé e sínú òtútù Disẹ́ńbà, oúnjẹ yàtọ̀, èdè yàtọ̀. Àkúrẹ́ ló ti mọ̀ mí. Iyán tó mọ̀ náà ló ń jẹ, èdè tó mọ̀ náà ni gbogbo wa ń sọ, èmi nìkan ni tuntun. Mo fara mọ́ ọn pé kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ní ìyá ọkọ bí tèmi o, tí tiyín bá jẹ́ irú èyí tó máa máa bi ọmọ pé ọmọ ta ni ẹ́, ẹ lọ gba yàrá sí Ọ̀bà-Ilé tàbí Shagari Village kẹ́ ẹ wà láyè ara yín. Àwọn ará ọjà náà máa sọ tẹnu wọn, 'ọmọ yìí ò jọ ẹ́', mo máa ń dáhùn pé bàbá ẹ̀ ló jọ, ọ̀rọ̀ tán.

Ti Èkó kò pọ̀ láti sọ, ṣùgbọ́n òun ló gùn jù. Lẹ́yìn kọ́ọ̀tù, ẹ máa gba ìwé ìbí tuntun fún un lọ́dọ̀ NPC, àjọ tó ń ka iye èèyàn, ẹ máa gba NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ Nàìjíríà, lẹ́yìn náà páálí (páàsípọ́ọ̀tù) Nàìjíríà ní Imigréṣọ̀n. Ẹ máa wá fi I-600 sílẹ̀, kọ́ńsúlétì Amẹ́ríkà ní Victoria Island á bẹ̀rẹ̀ ìwádìí tí wọ́n ń pè ní I-604. Wọ́n máa fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ti rí ọmọ, ọlọ́pàá wo ló kọ ọ́ sílẹ̀, ọjọ́ wo ló dé ilé ọmọ, ta ló gbé e wá, wọ́n lè pe ilé ọmọ, wọ́n lè rán èèyàn wá sí Àkúrẹ́. Oṣù lè gorí oṣù níbí yìí, ẹ má bínú sí wọn, àwọn tó ń ta ọmọ ló fà á. Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe ni pé kí gbogbo ìwé bára mu, orúkọ kan náà, ọjọ́ kan náà, sípẹ́lì kan náà, kí ẹ ti gba ẹ̀dà ìwé ọlọ́pàá kí ọ̀gá tó wà ní téṣàn yẹn tó gba transfer. Lẹ́yìn ẹ̀ ló kan DS-260, fọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ fi ń béèrè físà, àyẹ̀wò lọ́dọ̀ dókítà tí kọ́ńsúlétì fọwọ́ sí l'Ékòó, kẹ́ ẹ tó lọ jókòó níwájú wọn. Ọjọ́ tó ṣáájú ni kẹ́ ẹ ti wọ Èkó, ì báà jẹ́ Iléṣà lẹ gbà tàbí Ọ̀rẹ̀, kò sí èyí tẹ́ ẹ lè fọkàn tán, tówó bá wà ẹ wọ bàálù l'Àkúrẹ́. Tí wọ́n bá kó ìwé sínú àpò tí wọ́n lẹ̀ pa fún yín, ẹ má ṣí i títí ẹ máa fi dé ọ̀dọ̀ imigréṣọ̀n níbẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2026 Amẹ́ríkà dá irú físà yìí dúró fún ọmọ Nàìjíríà, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ bi kọ́ńsúlétì. Bó ṣe máa ń rí ni pé, tí adoption bá ti parí pátápátá nílé, IR-3 ni físà ẹ̀ máa jẹ́, bó bá ti fi wọlé sí Amẹ́ríkà báyìí ó ti di sítísìn lábẹ́ Child Citizenship Act ti 2000, ìwé ẹ̀rí máa bá yín nílé láti ọwọ́ USCIS. Tó bá jẹ́ IR-4, ẹ ṣì máa parí ẹ̀ ní kọ́ọ̀tù ní Texas kó tó di sítísìn, ẹ má fi falẹ̀ o.

Bọ̀ọ̀dá tó béèrè láti London nísàlẹ̀ bóyá òun náà lè gba ọmọ nílé, ẹ má bínú, tiyín yàtọ̀ pátápátá, UK ti dá gbígba ọmọ láti Nàìjíríà dúró láti ọjọ́ 12 oṣù Kẹta 2021, ẹ bá lọ́yà ibẹ̀ sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀.

Àǹtí, ní ti iṣẹ́ yín, mo rí i pé ìsinmi ọdọọdún lẹ fẹ́ lò. Ẹ tọ́jú ìyẹn. Tí iléeṣẹ́ yín bá ní òṣìṣẹ́ 50 sókè, tí ẹ sì ti lò tó ọdún kan níbẹ̀, FMLA, òfin Amẹ́ríkà lórí ìsinmi torí ọ̀rọ̀ ìdílé, fún yín ní ọ̀sẹ̀ 12 fún ọmọ tí ẹ gbà, wọn ò ní san owó, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ò ní bọ́, ẹ sì lè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ kí ọmọ tó dọ́wọ́ yín tó bá jẹ́ pé ìrìn àjò láti lọ parí adoption lókè òkun ni. Ọkọ yín náà ní tiẹ̀ níbi iṣẹ́ tiẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí HR yín lọ́sẹ̀ yìí, kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì kankan, ẹ má sì tíì ra ti ọmọ.