Èsì: Ṣé ìjọba lè máa gbọ́ ohun tí à ń sọ lórí fóònù nítorí àwọn ajínigbé?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ṣé nítorí àwọn ajínigbé ojú ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó, ìjọba lè máa fetí sí fóònù wa. Wọ́n lè ṣe é, àmọ́ kì í ṣe bó ṣe wù wọ́n. Abala 37 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 dáàbò bo ọ̀rọ̀ orí fóònù. Abala 45 ló fi àyè sílẹ̀ nítorí ààbò ìlú. Ìlànà 2019 ti NCC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso iléeṣẹ́ fóònù, ní kí wọ́n kọ́kọ́ gba àṣẹ adájọ́. Bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu, wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ ná, kí wọ́n sì tọrọ àṣẹ láàárín wákàtí 48. Ta ló ń ṣọ́ wákàtí yẹn? Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Ẹ̀rù ọ̀nà náà ń ba èmi gan-an, mo fẹ́ kí wọ́n mú àwọn ajínigbé náà. Ṣùgbọ́n ní Sángo níbí, àwọn agbófinró gba fóònù ọmọ àbúrò mi, wọ́n ń ka WhatsApp rẹ̀ láìsí ìwé àṣẹ kankan.