Ìwé Àṣẹ Dókítà Eyín: Ta Ni Òfin Gbà Láyè, Ta Ni Ẹ Lè Fẹjọ́ Sùn?

Lẹ́tà tó wọlé lórí ọ̀rọ̀ dókítà eyín kò kéré. A ti yan díẹ̀ nínú wọn. Òfin Àwọn Oníṣègùn àti Oníṣègùn Eyín ti ọdún 1988 ló wà nídìí ọ̀pọ̀ nínú ohun tí a ó sọ, àjọ tó sì ń mú un ṣẹ ni Medical and Dental Council of Nigeria, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí MDCN.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olóòtú. Ilé ìtọ́jú eyín tuntun kan ṣí ládùúgbò wa. Mo rí ìwé ẹ̀rí yunifásítì lára ògiri, mo tún rí òmíràn tó ní òǹtẹ̀ ìjọba. Èwo gan-an ni yóò fi hàn mí pé ẹni tó fẹ́ yọ eyín mi lẹ́tọ̀ọ́ láti yọ ọ́? — Òǹkàwé kan, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Kò sí ìwé kan ṣoṣo tó lè sọ gbogbo rẹ̀ fún yín. Ìwé ẹ̀rí yunifásítì, ìyẹn BDS bí ó bá jẹ́ Ìbàdàn tàbí Èkó ló ti kàwé, BChD bí ó bá jẹ́ Ifẹ̀, kì í ṣe àṣẹ iṣẹ́ rárá. Ó kàn ń jẹ́rìí pé ẹni náà kàwé yege ni. Lẹ́yìn èyí ni MDCN yóò fún un ní ìforúkọsílẹ̀ onígbà díẹ̀, tí yóò sì fi ọdún kan ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn ọ̀gá ní ilé ìwòsàn tí àjọ náà fọwọ́ sí. Ní gbogbo ọdún yẹn kò gbọ́dọ̀ dá ilé ìtọ́jú tirẹ̀ sílẹ̀. Bí ó bá parí rẹ̀ dáadáa ni wọn yóò tó fún un ní ìforúkọsílẹ̀ kíkún.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í nìyí. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ kíkún kì í ní ọjọ́ ìparí, òun ni wọ́n sì máa ń fi gíláàsì bò. Bẹ́ẹ̀, òfin ní kí dókítà má ṣiṣẹ́ ní ọdún èyíkéyìí tí kò bá tíì san owó àṣẹ ọdún náà. Ìwé àṣẹ ọdọọdún ni kí ẹ béèrè, èyí tó máa ń parí ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan: kí MDCN tó tún un ṣe, wọn a máa béèrè ẹ̀rí pé dókítà náà ṣì ń kọ́ ohun tuntun nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Dókítà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í bínú tí a bá ní kó mú un jáde.

Ìwé tó ní òǹtẹ̀ ìjọba tí ẹ rí lè jẹ́ ti ilé náà, kì í ṣe ti ènìyàn. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń forúkọ ilé ìwòsàn aládàáni sílẹ̀. Ní Èkó, àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ náà tó ń jẹ́ HEFAMAA ló ń ṣe é. Ilé lè ní àṣẹ kí ẹni tó wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ dé má ní. Bí wọ́n bá ní ẹ̀rọ ẹ́síréè, ó tún gbọ́dọ̀ ní àṣẹ láti ọ̀dọ̀ Nigerian Nuclear Regulatory Authority, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkóso ìtànṣán.

Láti fìdí orúkọ múlẹ̀, ẹ béèrè orúkọ kíkún, ilé ẹ̀kọ́ àti ọdún tó jáde, àti nọ́ńbà tí MDCN fún un, kí ẹ sì bi àjọ náà léèrè. Bí obìnrin bá ni, ẹ wá orúkọ tó ń jẹ́ kó tó lọ ilé ọkọ pẹ̀lú, nítorí òun ló sábà máa ń wà nínú ìwé. Ẹ má sì jẹ́ kí nọ́ńbà nìkan tẹ́ yín lọ́rùn. Àwọn ayédèrú mọ bí a ṣe ń yá nọ́ńbà dókítà gidi lò, ṣùgbọ́n nọ́ńbà, orúkọ, ilé ẹ̀kọ́ àti ọdún kì í sábà bára mu lọ́wọ́ wọn.

Ìbéèrè: Ọmọbìnrin mi fẹ́ kí wọ́n bá òun ṣe èjí. Obìnrin tó ń ṣe ojú lóge lọ́jà ní òun lè fi fáìlì ṣe é kíákíá, òun sì tún ń lẹ bíréèsì oge mọ́ eyín. Ẹlòmíràn ní kí a lọ bá ẹni tó ń ṣe eyín àtọwọ́dá. Ṣé òfin kankan wà lórí èyí? — Ìyá ọmọ, Òṣogbo

Ìdáhùn: Òfin wà, ó sì le. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé MDCN, tó ń ṣe iṣẹ́ dókítà eyín tàbí tó ń pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ti dẹ́ṣẹ̀ tí ilé-ẹjọ́ lè tìtorí rẹ̀ fi í sẹ́wọ̀n. Yíyọ nǹkan kúrò lára eyín alààyè, iṣẹ́ dókítà eyín ni, ì báà jẹ́ torí oge.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fi fáìlì rẹ́ eyín. Èèpo líle òde eyín kì í hù padà. Bí wọ́n bá rẹ́ ẹ kọjá, wọn yóò kan apá tó rọ̀ ju ìyẹn lọ lábẹ́ rẹ̀, omi tútù yóò máa ta á, ìdíbàjẹ́ yóò sì rí ọ̀nà wọlé. Ti ohun èlò tún wà níbẹ̀. Sísè é nínú omi gbígbóná kò tó. Ẹ̀rọ tó ń fi ooru omi pa kòkòrò lábẹ́ ìtẹ̀mọ́ ni ilé ìtọ́jú gidi ń lò, ní ìwọ̀n ooru 121°C fún ìṣẹ́jú 15 tàbí 134°C fún ìṣẹ́jú 3, nítorí kòkòrò àrùn ẹ̀dọ̀ lè tara ẹ̀jẹ̀ ẹnìkan bọ́ sára ẹlòmíràn. Ní ti bíréèsì oge, wáyà tí a lẹ̀ mọ́ eyín ń fa eyín, bóyá ẹni tó lẹ̀ ẹ́ mọ ibi tó ń fà á lọ tàbí kò mọ̀ ọ́n. Eyín lè mì, gbòǹgbò rẹ̀ sì lè kúrú.

Ẹni tó ń ṣe eyín àtọwọ́dá ní àjọ tirẹ̀, Dental Technologists Registration Board of Nigeria. Iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú yàrá iṣẹ́: dókítà eyín á yẹ ẹnu wò, á kọ ohun tó nílò, òun á sì ṣe é. Dental therapist náà ní àjọ tirẹ̀. Ó lè fọ eyín, ó lè ṣe àwọn ìtọ́jú tí a dá a lẹ́kọ̀ọ́ fún. Iṣẹ́ gidi ni iṣẹ́ àwọn méjèèjì, a sì bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni nínú wọn jẹ́ orúkọ dókítà fún yín. Tí ọmọ bá ṣì fẹ́ èjí, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín. Bí ó bá ní kò yẹ ẹ́, ẹ gbà á gbọ́.

Ìbéèrè: Eyín tó ń dùn mí wà lápá ọ̀tún. Apá òsì ni wọ́n ti yọ eyín fún mi. Dókítà ní kí n má bínú. Ṣé ibẹ̀ ló parí sí? — Òǹkàwé kan, Abẹ́òkúta

Ìdáhùn: Ó dùn wá fún yín. Kò parí síbẹ̀. Ìlànà ìwà tí MDCN gbé kalẹ̀ ka àṣìṣe nínú ìtọ́jú, irú bíi gígé apá tàbí ẹsẹ̀ tí kò yẹ, mọ́ àìbìkítà lẹ́nu iṣẹ́. Eyín tí kò yẹ kò yàtọ̀ sí i.

Bí irú èyí ṣe ń wáyé yé àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ́síréè tí wọ́n gbé sódì máa ń sọ òsì di ọ̀tún. Nọ́ńbà eyín náà a máa tan ni. Nínú ìlànà tí púpọ̀ nínú ayé ń lò, nọ́ńbà àkọ́kọ́ ń tọ́ka apá ẹnu, èkejì ń ka eyín láti àárín lọ sẹ́yìn. Nípa bẹ́ẹ̀, 14 ni eyín kẹrin lápá ọ̀tún lókè. Nínú ìlànà Amẹ́ríkà, tó ń ka eyín láti 1 dé 32, 14 jẹ́ eyín ńlá kan lápá òsì lókè. Bí ìwé bá ti ọ̀dọ̀ ẹnìkan dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn láìsọ ìlànà tó lò, wàhálà dé. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí dókítà kọ apá náà ní ọ̀rọ̀, kó ka eyín náà sókè, kó sì fi dígí hàn yín kó tó fún yín lábẹ́rẹ́. Ẹ̀yin náà, ẹ fìka kàn án. Bí àṣìṣe bá sì ṣẹlẹ̀, lójú ẹsẹ̀ ló yẹ kó sọ ọ́, nítorí eyín tó yè lè ṣeé dá padà sí ihò rẹ̀ tí kò bá tíì pẹ́.

Bí ẹ ó ṣe fẹjọ́ sùn nìyí. Kí ẹ tó bínú bá ẹnikẹ́ni wí, ẹ kọ lẹ́tà láti gba ẹ̀dà àkọsílẹ̀ ìtọ́jú yín àti ẹ́síréè. Òfin Ìlera ti ọdún 2014 fi dandan lé e pé kí wọ́n pa àkọsílẹ̀ mọ́, ẹ̀ṣẹ̀ sì ni láti yí i padà. Ẹ lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín mìíràn, ilé ìwòsàn yunifásítì ló dára jù, kó yẹ̀ yín wò kó sì kọ ohun tó rí. Ẹ kó rìsíìtì jọ. Lẹ́yìn náà ẹ kọ̀wé sí Rẹ́jísírà MDCN ní Abuja, pẹ̀lú ìwé ìbúra láti kóòtù. Ẹ sọ ọjọ́, ibi, orúkọ, ohun tí ẹ gbà kí wọ́n ṣe àti ohun tí wọ́n ṣe. Ẹ fi èébú sílẹ̀. Dókítà náà yóò rí gbogbo ohun tí ẹ bá kọ, bẹ́ẹ̀ ló sì yẹ: lọ́dún 1968 ni Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fagi lé ìdájọ́ tí ìgbìmọ̀ ìbáwí àwọn dókítà ṣe nínú ẹjọ́ Dókítà Denloye, nítorí pé wọn kò jẹ́ kí dókítà tí wọ́n fẹ̀sùn kàn rí ẹ̀rí tí wọ́n kó jọ. Ẹjọ́ yẹn náà ló fi hàn pé ohun tó bá jẹ́ ọ̀ràn, bí olè tàbí ìfipábánilòpọ̀, kóòtù ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé. Irú ìyẹn, ọlọ́pàá ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá.

Ìgbìmọ̀ oníwàádìí ni yóò yẹ ẹ̀sùn náà wò. Bí ó bá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, yóò lọ síwájú Ìgbìmọ̀ Ìbáwí, tó lè kìlọ̀ fún dókítà, tó lè dá a dúró fún ìgbà tí kò ní ju oṣù 6 lọ, tó sì lè yọ orúkọ rẹ̀ kúrò pátápátá. Dókítà ní ọjọ́ 28 láti pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.

Ohun tí Ìgbìmọ̀ Ìbáwí kò ní fún yín ni owó gbà-má-bínú. Kóòtù ni ẹ ó ti gba ìyẹn, ọjọ́ kò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Bí ilé ìwòsàn ìjọba bá ló ṣe é, òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba lè fi oṣù 3 péré sílẹ̀ fún yín láti pẹjọ́. A ti rí ẹ̀sùn tó dára tó kú nítorí pé ẹni tó ni ín ń dúró de èsì MDCN. Ẹ bá lọ́yà sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́.

Ìbéèrè: Dókítà gbọ́dọ̀ gba owó kó tó tọ́jú ẹni tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, àbí? — Ọmọ Èkó

Ìdáhùn: Bí ó bá jẹ́ pàjáwìrì, rárá. Abala 20 nínú Òfin Ìlera ọdún 2014 kà á léèwọ̀ láti kọ ìtọ́jú pàjáwìrì. Owó ìtanràn 100,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 6 ló wà fún un, tàbí méjèèjì. Bí abẹ́ àgbọ̀n bá wú le, tí ahọ́n ń gbé sókè, tí mímí tàbí gbígbé itọ́ mì sì ń ṣòro, ẹ má lọ sí ilé ìtọ́jú eyín kékeré. Ẹ sáré lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lójú ẹsẹ̀. Ẹjọ́ lè dúró, èémí kò lè dúró.

Ìbéèrè: Òkè òkun ni ọmọ mi ti ń kọ́ iṣẹ́ dókítà eyín. Kí ló ń dúró dè é tó bá padà dé? — Bàbá ọmọ, Adó-Èkìtì

Ìdáhùn: Ìdánwò MDCN fún àwọn tó kàwé lókè òkun, kódà bí ó bá ti ní àṣẹ níbẹ̀. Ti eyín yàtọ̀ sí ti oníṣègùn gbogbogbòò. Ohun tó ń dí wọn lọ́wọ́ jù kì í ṣe ìdánwò, ìwé ni: èsì kíláàsì ọdún kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lára aláìsàn, ìtumọ̀ tí a fọwọ́ sí bí ìwé kò bá sí ní Gẹ̀ẹ́sì. Kó gbà wọ́n kó tó kúrò nílùú náà, nítorí bíbéèrè wọn láti ibí lè gba oṣù rẹpẹtẹ. Bí ó bá yege, tí kò sì tíì ṣe ọdún kan lábẹ́ ọ̀gá, yóò ṣe é níbí. Bí ó bá sì fẹ́ pe ara rẹ̀ ní akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ nínú títo eyín tàbí iṣẹ́ abẹ ẹnu, ìforúkọsílẹ̀ ọ̀tọ̀ ni ìyẹn, ìwé ẹ̀rí ẹgbẹ́ àwọn àgbà oníṣẹ́ ló sì ń ti í lẹ́yìn, bíi ti National Postgraduate Medical College of Nigeria tàbí West African College of Surgeons.