Fàdá obìnrin ló ṣe ìsàmì ọmọ: ṣé a óò tún un ṣe ní Kábà?

ÌBÉÈRÈ: Okun o, ẹ̀yin olóòtú wa. Jámánì ni àbúrò mi obìnrin ń gbé. Kátólíìkì ni ìjọ tó ń lọ níbẹ̀ ń pe ara rẹ̀, Mísà wọn sì jọ tiwa, àmọ́ obìnrin tó wà nílé ọkọ ni fàdá wọn. Òun ló ṣe ìsàmì fún ọmọ rẹ̀. Wọ́n ń bọ̀ wálé ní Kérésì, ìyá wa sì ní dandan ni kí wọ́n tún un ṣe ní Kábà. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Bí mo bá lọ kí i ńkọ́, ṣé mo lè gba Kọmúníọ̀n lọ́dọ̀ wọn?

ÌDÁHÙN: Okun o. Ẹ bá wa fi ìyá lọ́kàn balẹ̀, a kì í ṣe ìsàmì lẹ́ẹ̀mejì. Bí omi bá ti ṣàn lórí ọmọ, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé, tí ẹni tó ń ṣe é sì ní in lọ́kàn láti ṣe ohun tí Ìjọ ń ṣe, ó ti múlẹ̀. Pé obìnrin ló da omi kò bà á jẹ́. Nọ́ọ̀sì pàápàá lè ṣe é fún ìkókó tí ẹ̀mí rẹ̀ fẹ́ bọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu ló máa ń bà á jẹ́. "Mo ṣe ìsàmì fún ọ ní orúkọ Baba, àti ti Ọmọ, àti ti Ẹ̀mí Mímọ́" ni wọ́n gbọ́dọ̀ sọ. Ní 2020, Róòmù, olú ìjọ Kátólíìkì tiwa, là á mọ́lẹ̀ pé ibi tí wọ́n bá ti sọ pé "A ṣe ìsàmì fún ọ", òfo ni, kí wọ́n tún un ṣe.

Nítorí náà, kí àbúrò yín gba ìwé ẹ̀rí ìsàmì tó ní òǹtẹ̀ ìjọ: orúkọ ọmọ, ọjọ́, ibi, orúkọ àwọn òbí àti òbí ìsàmì. Kó wá ẹni tú u sí Gẹ̀ẹ́sì kó tó gbéra. Bí fàdá ìjọ yín kò bá lè kà á, iyèméjì dé nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tìtorí ìtìjú fi ìwé yẹn pamọ́.

Ìjọ Old Catholic ni ìjọ tí àbúrò yín ń lọ. Wọ́n ya kúrò lára Róòmù lẹ́yìn tí ìpàdé Vatican ti 1870 kéde pé Póòpù kò lè ṣàṣìṣe bó bá ń fi àṣẹ oyè rẹ̀ gbé ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ kalẹ̀. Láti 1878 ni fàdá wọn ní Jámánì ti lè gbéyàwó. Ní 1996 wọ́n fi obìnrin joyè àlùfáà. Ẹni tó kọ ọkọ tó sì fẹ́ òmíràn ń gba Kọmúníọ̀n lọ́dọ̀ wọn.

Ní ti Kọmúníọ̀n, wọn kò ní lé yín sẹ́yìn o, gbogbo ẹni tó ti ṣe ìsàmì ni wọ́n ń pè wá sídìí tábìlì. Òfin tiwa ni kò gbà. Àyàfi bí ẹ bá nílò rẹ̀ gidi tí ẹ kò sì lè rí fàdá tiwa, ibi tí oyè àlùfáà ti múlẹ̀ nìkan ló sì lè jẹ́. Róòmù kò sì ka oyè àlùfáà obìnrin sí. Ṣọ́ọ̀ṣì Róòmù kò sì wọ́n ní Jámánì. Ẹ bá wọn kọrin, ẹ bá wọn gbàdúrà, kí ẹ jókòó síbi tí ẹ wà.

Èyí tí ẹ kò bèèrè ló le jù: níbo ni àbúrò yín ti ṣègbéyàwó? Bó bá jẹ́ Kátólíìkì tiwa nígbà náà, tó sì ṣe é lọ́hùn-ún láìgba ìyọ̀ǹda bíṣọ́ọ̀bù tiwa, ìgbéyàwó náà kò tíì múlẹ̀ lójú Róòmù. Kí ó lè múlẹ̀, kó rí fàdá Kábà tètè, pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, ẹlẹ́rìí méjì àti ìwé ìsàmì tirẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ, tí kò ju oṣù 6 lọ.