Ṣé wọn ò fẹ́ fi bàbá mi dánra wò báyìí?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá mi tó wà lọ́dọ̀ mi ní Amẹ́ríkà ní myeloma, jẹjẹrẹ inú mùdùnmúdùn egungun, gbogbo oògùn ni wọ́n ti lò, ó tún ń padà wá. Dókítà ní kí wọ́n wọ phase 1, ìpele àkọ́kọ́ ìdánwò lára èèyàn, fún ìtọ́jú kan tó ń jẹ́ CAR-T. Ẹ̀rù ń bà mí.

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Bí CAR-T ṣe rí nìyí: wọ́n á yọ T-cell, ọmọ ogun ara, nínú ẹ̀jẹ̀ Bàbá, wọ́n á tún un ṣe ní láàbù kó lè máa dá sẹ́ẹ̀lì myeloma mọ̀, wọ́n á wá fà á padà sí wọn lára. Ohun tí phase 1 ń wá jù ni bóyá kò ní pa èèyàn lára àti ìwọ̀n tó yẹ, ẹ má rò pé ìwòsàn ti dájú. Irú ẹ̀ kan tí èsì ẹ̀ jáde ní 2019, èèyàn 33 ló gbà á, ó ṣiṣẹ́ fún 28, wọn ò rí àmì àrùn mọ́ lára 15, àmọ́ ó tún padà bá 6 nínú àwọn 15 yẹn. FDA, àjọ tó ń fọwọ́ sí oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí i ní 2021, òun ni Abecma. Ibà líle lè gbé wọn o, ẹ bi dókítà nípa CRS, ìyẹn kí àwọn ọmọ ogun ara ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, dáadáa, kí Bàbá fúnra wọn tó sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá.