Má ra àpótí irinṣẹ́ ńlá yẹn

Àbúrò tó fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ ológeere láti Òṣogbo lọ Ìlọrin, tó ń bèèrè pé ṣé kóun ra odidi àpótí irinṣẹ́, jọ̀ọ́ má rà á. Èmi náà ra irú ẹ̀ nígbà kan, sípánà lóríṣiríṣi, òòlù, pílásì méjì, ó wúwo débi pé tí mo bá ti dé ibi tí ọ̀nà ti gòkè díẹ̀, ṣe ni mo máa ń sọ̀kalẹ̀ tì í.

Mo ti kọjá Ìkìrun, mo ń lọ sápá Ìníṣà, ni ṣéènì bá já. Mo tú gbogbo àpótí sílẹ̀ lẹ́bàá títì, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tó lè ti píìnì jáde lára ṣéènì. Mo wá rí mẹkáníìkì ọ̀kadà kan, ọkùnrin yẹn gbìyànjú o, àmọ́ èyí tó fi ń já ṣéènì ọ̀kadà tóbi ju tèmi lọ, ló bá fi ìṣó àti òòlù gbá píìnì wọlé, mi ò tíì rìn jìnnà tó tún já níbì kan náà. Ọ̀kadà ló gbé èmi àti kẹ̀kẹ́ padà sí Òṣogbo. Ó dùn mí gan-an.

Àtìgbà yẹn, ìbéèrè kan ni mo ń bi ara mi: tí eléyìí bá bàjẹ́, ṣé mẹkáníìkì ọ̀kadà lè bá mi ṣe é? Tó bá lè ṣe é, mi ò gbé irinṣẹ́ ẹ̀ dání. Ìkìrun, Ìníṣà, Òkúkù, títí dé Ọ̀ffà, o máa rí òòlù àti pílásì. Ohun tó ò ní rí ni irinṣẹ́ kékeré tí wọ́n fi ń já ṣéènì kẹ̀kẹ́, àti lọ́ọ̀kì ṣéènì, ìyẹn irin kékeré tí wọ́n fi ń so ṣéènì tó já pọ̀, tó bá tìẹ mu, torí ti gíà 8 ò bá ti gíà 9 mu. Mú lọ́ọ̀kì méjì. Mú Allen key (irin onígun mẹ́fà tó tẹ̀ lórí) 4, 5 àti 6, àwọn ló ń tú ọ̀pọ̀ bóòtì ara kẹ̀kẹ́ ayé ìsìnyí. Tó bá jẹ́ nọ́ọ̀tì ló di táyà ẹ mú, fi sípánà 15 kún un.

Ti táyà ńkọ́? Túùbù méjì, páàṣì, pọ́ǹpù kékeré, àti ike méjì tí wọ́n fi ń yọ táyà, má fi sukurudíráífà yọ ọ́, ó máa lu túùbù. Sólúsàn tí wọ́n fi ń lẹ páàṣì máa ń gbẹ tí wọ́n bá ti ṣí i, yẹ̀ ẹ́ wò kó o tó jáde. Kó o tó fi túùbù tuntun sí i, fi ọwọ́ wá inú táyà jẹ́jẹ́, wáyà tín-ín-rín tó lu ti àkọ́kọ́ lè ṣì wà níbẹ̀. Wo ẹnu túùbù ẹ náà, tó bá rí bíi ti ọ̀kadà, fọganáísà èyíkéyìí á fún un ní atẹ́gùn, àmọ́ tó bá jẹ́ ẹlẹ́nu tín-ín-rín yẹn, ra ẹnu kékeré (adapter) tí wọ́n ń wé mọ́ ọn kí pọ́ǹpù wọn lè gbà á.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, tú táyà méjèèjì, ìjókòó àti bíréèkì nílé, àwọn irinṣẹ́ yìí nìkan ni kó o lò. Yàtọ̀ sí ti ṣéènì àti páàṣì, èyí tó ò bá fọwọ́ kàn, fi sílẹ̀. Tèmi báyìí, gbogbo ẹ̀ wọ inú báàgì kékeré abẹ́ ìjókòó.

Gíà mélòó ló wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ẹ? Sọ fún mi, màá sọ irú lọ́ọ̀kì tó o máa rà.